Bí a ṣe ń pẹja ní adágún Minnesota nígbà ìrúwé: ẹ wo omi, ẹ má wo kàlẹ́ńdà

Minnesota ní adágún 11,842 tó tó éékà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹja sì pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé etí omi ní ìparí oṣù kẹrin, ẹ lè jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú kí ẹja kankan má fẹnu kan ìdẹ yín, nígbà tí ẹnìkan tó dúró sí òdìkejì ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé ó lo oògùn. Omi ibi tó dúró sí ló fi díẹ̀ gbóná ju ti yín lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn náà lọ: lásìkò ìrúwé, ibi tí omi bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ẹja ń rọ́ lọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Brooklyn Park, Brooklyn Center àti gbogbo àyíká Minneapolis òun St. Paul, àwọn tó mọ ẹja jẹ dáadáa àmọ́ tí wọn ò tíì mọ bí a ṣe ń mú un nílẹ̀ olótùútù. Ẹni tó dàgbà sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry lè mọ odò ju èmi náà lọ, ṣùgbọ́n omi tó fi oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún di yìnyín ní ìṣe tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dúró kí yìnyín kúrò tán

Ọjọ́ tí yìnyín ń kúrò lójú adágún kì í bára mu lọ́dọọdún. Ẹ wo Lake Minnetonka tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Minneapolis. Ní 2018, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ni yìnyín tó kúrò níbẹ̀. Ní 2024, àárín oṣù kẹta ló ti lọ. Omi kan náà nìyẹn o, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "lọ́sẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, ẹja ń jẹun" kò fi ní ìtumọ̀ kankan. Bí ẹ bá sì ń gòkè lọ sí àríwá, sí Bemidji, Leech Lake tàbí Lake of the Woods, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kún ti ìlú wa níbí. DNR, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó omi, igbó àti ẹran inú wọn, máa ń gbé ọjọ́ tí yìnyín kúrò lórí adágún kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìdajì oṣù kẹta ni kí ẹ ti máa yọjú wò ó.

Ẹ má ṣe tẹ yìnyín ìrúwé. Nínú ìgbà òtútù, yìnyín tuntun tó mọ́ gaara tó sì nípọn tó ìńṣì 4 lè gbé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ti oṣù kẹrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ kó sì ti jẹrà nínú: oòrùn á ti là á sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lóòró, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣú, omi á sì máa gba àárín wọn kọjá. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í wá sétí omi, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń dún woro-woro. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé àti òfin

Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ńsì. Ọdún láísẹ́ńsì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, nítorí náà èyí tí ẹ rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ti kú. Ẹ lè rà á lórí ìkànnì DNR tàbí ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìpẹja. Ẹni tó bá ti gbé ní ìpínlẹ̀ yìí fún 60 ọjọ́ á ra ti onílé, èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti àlejò. Ní òpin ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Ìyá nínú oṣù karùn-ún, àwọn ìyá tó jẹ́ olùgbé Minnesota lè pẹja láìní láísẹ́ńsì rárá, nítorí náà bí màmá bá ti ń ráhùn pé ilé sú òun, ẹ ti rí ibi tí ẹ máa gbé wọn lọ.

Okùn ìwọ̀ kan ṣoṣo ni òfin gbà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lórí omi tí kò ní yìnyín ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹni tó bá gbé méjì sílẹ̀ ń wá ẹjọ́. Ẹ sì gbàgbé àwọ̀n tí a ń jù: ìwọ̀ ni a fi ń mú àwọn ẹja tí mo fẹ́ dárúkọ wọ̀nyí.

Crappie, sunfish, perch, bullhead àti channel catfish kò ní ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn wọn. Walleye àti northern pike ní tiwọn: láti ìparí oṣù kejì ni wọ́n ti ń dá ẹnikẹ́ni dúró lórí adágún inú ìpínlẹ̀, títí di Sátidé tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Sátidé òpin ọ̀sẹ̀ Memorial Day, ìyẹn ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó kú, ní ìparí oṣù karùn-ún. Bí walleye bá ṣèèṣì gbé ìdẹ yín kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ dá a padà sómi lójú ẹsẹ̀. Iye ẹja tí ẹ lè gbé lọ sílé yàtọ̀ láti oríṣi dé oríṣi, adágún mìíràn sì ní òfin tirẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó níbi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ ka pátákó yẹn. Lower Red Lake wà lọ́wọ́ àwọn Ojibwe ti Red Lake, ẹni tí kì í ṣe ọmọ wọn kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ láìgba àṣẹ wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: Irinṣẹ́ tí kò pọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ontajà di ẹrù rù yín. Ọ̀pá ìwọ̀ kan tó fẹ́lẹ́, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 tàbí 7, pẹ̀lú ríìlì kékeré tí a fi ń ká okùn, ti tó. Okùn tí agbára rẹ̀ tó pọ́n-ùn 4 ló dára fún crappie àti sunfish, pọ́n-ùn 6 tàbí 8 fún walleye. Okùn tó bá nípọn jù kì í jẹ́ kí ìdẹ tó fúyẹ́ fò jìnnà. Ẹ ra jig, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n da òjé lé lọ́rùn: èyí tó wúwo tó 1/32 tàbí 1/16 ounce fún crappie, 1/8 fún walleye.

Ẹ ra bobber, ohun tó ń léfòó lórí okùn tó ń fi hàn pé ẹja ti gbé ìdẹ, kí ó kéré, kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí roboto aláwọ̀ pupa àti funfun tí wọ́n ń kó sínú àpò ọmọdé ti tóbi jù. Nínú omi tútù, ètè ni crappie fi ń gba ìdẹ, jẹ́jẹ́. Bó bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan ń fà á sẹ́yìn lókè, á tu ú dà nù kí ẹ tó mọ̀ pé ó wá.

Ní ti ìdẹ, ẹ lọ sí ìsọ̀ ìdẹ kí ẹ ra ẹja wẹ́wẹ́ láàyè àti àwọn ìdin funfun tí wọ́n ń pè ní wax worm. Ekòló náà dára. Eṣúṣú tí àwọn ará ibí fẹ́ràn máa ń wúlò, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí omi bá ti kọjá 50°F. Bí omi bá tutù, ńṣe ló máa ká jọ sórí ìwọ̀ bíi kókó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rà ni mo kà sí pàtàkì jù: tẹmómítà. Olówó pọ́ọ́kú ti tó. Ẹ so ó mọ́ okùn pẹ̀lú ohun tó wúwo díẹ̀, ẹ jù ú sómi, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ fà á sókè kí ẹ kà á kíákíá kí afẹ́fẹ́ tó yí i padà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń wí

Omi ní ìwà kan. Ìgbà tó bá wà ní 39°F ló wúwo jù lọ. Nítorí náà, nígbà tí yìnyín ṣì bo adágún, omi tó kan yìnyín wà ní 32°F, ti ìsàlẹ̀ pátápátá sì lọ́ọ́rọ́ jù ú lọ díẹ̀, nǹkan bíi 39°F. Bí yìnyín bá ti lọ, oòrùn á mú omi òkè gbóná títí á fi bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Lọ́jọ́ náà kò sí èyí tó wúwo ju ìkejì lọ mọ́, afẹ́fẹ́ lásán sì lè da gbogbo adágún pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn tí ẹja ń mí á dé ibi gbogbo. Omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́ ni ti àwọn àgbà, àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ẹja lè wà níbikíbi, àtirí i sì máa ń nira. Sùúrù díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, omi òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ibi tí kò jìn ló sì ń ṣáájú.

Láti ibẹ̀ lọ, oríṣi kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé ìwọ̀n tirẹ̀. Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 40°F, northern pike á ti wà nínú koríko tí omi bò, níbi ẹrẹ̀, ó ń yé ẹyin. Láàárín 42°F sí 50°F, walleye á wá sí etí omi olókùúta wẹ́wẹ́ tàbí kí ó wọ ẹnu odò láti yé tirẹ̀. Crappie á ti máa wọ ibi tí kò jìn láti jẹun bí omi ibẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 50°F, àmọ́ ó di nǹkan bíi 60°F sí 68°F kí ó tó yé. Sunfish ló ń gbẹ̀yìn, nígbà tí omi bá sún mọ́ 70°F. Ìwọ̀n wọ̀nyí kì í ṣe òfin Mósè, wọ́n lè fi díẹ̀ lọ sókè tàbí wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò wọn kì í yí padà: pike ṣáájú, walleye tẹ̀lé e, crappie, kí sunfish tó dé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá kọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gbóná

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá gbójú fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo èyí.

Ẹ ṣí àwòrán adágún tí ẹ fẹ́ lọ lórí LakeFinder ti DNR. Ó ń fi bí omi ṣe jìn sí hàn, ó sì ń sọ irú ẹja tí wọ́n bá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbójú lé apá àríwá adágún náà. Oòrùn ìrúwé ń ti apá gúúsù ràn wá, nítorí náà igi tó wà létí omi lápá gúúsù ń ṣíji bo omi tiwọn, nígbà tí etí omi apá àríwá ń yá oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá móoru, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti gúúsù tún ń ti omi òkè tó ti gbóná lọ bá wọn.

Ní apá àríwá yẹn, ẹ wá kọ̀rọ̀ tí omi ti ya wọ ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù kò lè dé, tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 6 lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ yanrìn funfun, ẹ kọjá. Ẹrẹ̀ dúdú ni ẹ ń wá, èyí tí igi esùsú ọdún tó kọjá ṣì dúró nínú rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹrẹ̀ dúdú ń mu oòrùn, omi orí rẹ̀ á gbóná, àwọn ìdin kòkòrò tó sùn sínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn, ẹja wẹ́wẹ́ á wá jẹ wọ́n, crappie á wá jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Oúnjẹ ló gbé crappie wá o, kò tíì tó àkókò tó máa yé. Nítorí náà kò ní ilé níbẹ̀: bí oúnjẹ bá lọ, òun náà á lọ.

Nípa aago, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń jí lọ sódò ní kùtùkùtù. Lóṣù kẹrin, ẹ sun oorun yín tẹ́rùn. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bó bá jẹ́ ọjọ́ Sunday, ẹ jẹun ọ̀sán tán. Láti bí aago kan títí oòrùn fi máa wọ̀ ni kọ̀rọ̀ náà ń gbóná jù, ẹja tó sá lọ sí ibi jíjìn lóru á sì ti padà wọlé. Bí oòrùn bá ti ràn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta léraléra, tí òru kò sì tutù jù, ẹ fi ohun yòówù tí ẹ ń ṣe sílẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi tẹmómítà wọn omi lẹ́nu kọ̀rọ̀, kí ẹ tún wọn ọ́n nínú lọ́hùn-ún. Bí ti inú bá fi ìwọ̀n 3 tàbí 4 ju ti ẹnu lọ, ẹ ti rí ibi tí ẹ máa dúró. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ wá kọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ rọra tẹlẹ̀, torí omi tí kò jìn tó sì mọ́ máa ń jẹ́ kí ẹja mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, ẹ kíyè sí ibi tí òjìji yín ń bọ́ sí.

Ẹ so bobber sókè jig, kí àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ẹ fi ìwọ̀ gún ẹja wẹ́wẹ́ ní ètè tàbí lábẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè máa lúwẹ̀ẹ́. Crappie ń wo òkè ni, torí bí ojú rẹ̀ ṣe wà. Ó lè gòkè wá gbé ìdẹ, ṣùgbọ́n kì í sábà lọ wá a nísàlẹ̀. Nítorí náà ìdẹ tó bá ga jù ú lọ díẹ̀ dára ju èyí tó wà ní abẹ́ rẹ̀. Ẹ jù ú kọjá ibi tí ẹ rò pé ẹja wà, ẹ yí ríìlì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹ tún yí i díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tó bá dúró lẹ́yìn tó ti rìn ni ẹja ń gbà á.

Ẹ wo bobber yẹn bó ṣe yẹ. Gbogbo ènìyàn ń retí pé kí ó rì gbìn-ín. Crappie sábà máa ń ti ìsàlẹ̀ wá, á gbé ìdẹ sókè, òjé tó ń fa bobber náà dúró ṣánṣán á sì já a sílẹ̀: bobber á dùbúlẹ̀ sórí omi gbalaja. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé okùn ti lọ́, ẹja á sì ti tu ìdẹ. Bó bá ti dùbúlẹ̀, tàbí tó ń rìn sí ẹ̀gbẹ́ lòdì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ẹ gbé ọ̀pá sókè. Ẹ gbé e o, ẹ má já a gbà. Awọ ẹnu crappie fẹ́lẹ́ débi pé ìwọ̀ lè ya á, ẹja tí ẹ ti fojú rí á sì padà sílé rẹ̀. Ẹ máa yí ríìlì bọ̀ láìdúró kí okùn má dẹ̀.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá láìsí nǹkan kan, ẹ ṣí lọ síwájú díẹ̀ tàbí kí ẹ yí gígùn okùn tó wà lábẹ́ bobber padà. Bí ẹ bá mú ọ̀kan, ẹ má kúrò. Crappie kì í dá rìn.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí òtútù bá padà wá

Á padà wá. Yìnyín lè tún bọ́ láti ojú ọ̀run nínú oṣù kẹrin, àní nínú oṣù karùn-ún, nílẹ̀ yìí. Èyí tó ń tan ènìyàn jù ni ọjọ́ tó tẹ̀lé e: ojú ọ̀run á mọ́ kedere, oòrùn á ràn, afẹ́fẹ́ àríwá á máa fẹ́, ẹni tó wà nínú ilé á rò pé ọjọ́ ẹja ló dé. Omi tí kò jìn ti sọ gbogbo ooru rẹ̀ nù lóru. Ẹja á ti jáde kúrò nínú kọ̀rọ̀, wọ́n á dúró sí ibi àkọ́kọ́ tí omi ti jìn wọnú, ní bí ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 12. Bó bá di dandan kí ẹ lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ju ìwọ̀ sí. Ẹ lo jig tó kéré jù, ẹ fi wax worm sí i dípò ẹja wẹ́wẹ́, kí ẹ sì ṣe é bí ẹni tí kò kánjú rárá. Ní tèmi, ilé ni mo máa ń jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tún máa ń gbé ọ̀pá.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ walleye

Walleye ni ẹja ìpínlẹ̀ Minnesota láti 1965, Sátidé tí wọ́n sì ń ṣí i nínú oṣù karùn-ún jẹ́ ọdún fún wọn. Láti 1948 ni gómìnà ìpínlẹ̀ ti ń bá wọn lọ sódò lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ á tò sí ojú ọ̀nà, ilé ìtura á kún, oníkálukú á mú àpótí ọtí rẹ̀ dání.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ọ, ẹ má lọ sí Mille Lacs lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré. Adágún náà fẹ̀ tó 132,000 éékà, kò jìn púpọ̀, ìgbì rẹ̀ sì lè dìde láàárín wákàtí kan. Ẹ wá adágún kékeré tí walleye wà nínú rẹ̀, tí odò ṣàn wọ̀.

Bó bá fi máa di ọjọ́ yìí, walleye á ti yé tán lọ́pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n àwọn akọ kì í tètè kúrò níbi tí wọ́n ti yé. Ẹ wá wọn lọ sí etí omi olókùúta wẹ́wẹ́, ẹnu odò, àti ibi tóóró láàárín adágún méjì. Ojú wọn ni àṣírí wọn: ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ó sì ń tàn lóru bí ti ológbò. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò bá wọn lára mu. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́, àfẹ̀mọ́jú àti ọjọ́ tó ṣú ni tiwọn. Bí ọ̀sán bá mọ́, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ máa bẹ̀: ìgbì kéékèèké ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ lójú omi, ó sì ń lé ẹja wẹ́wẹ́ mọ́ etí òkúta. Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá yín lójú. Kò rọrùn, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Jig 1/8 pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní shiner ni mo fọkàn tán jù. Ẹ jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sókè bí ìńṣì mélòó kan, ẹ jẹ́ kó tún sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn tí kò dẹ̀. Bí ẹja bá gbé e, ẹ ò ní gbọ́ ìjà. Ẹ ó kàn mọ̀ pé ọ̀pá ti wúwo díẹ̀.

Pike náà ti ṣí lọ́jọ́ kan náà. Inú kọ̀rọ̀ tí koríko tuntun ti ń hù ló wà. Eyín rẹ̀ ń gé okùn, ẹ so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sókè ìwọ̀. Ní ẹkùn àárín gbùngbùn àríwá, èyí tó gbà púpọ̀ nínú ìpínlẹ̀ náà, gbogbo pike tó gùn láti ìńṣì 22 dé 26 gbọ́dọ̀ padà sómi, nítorí náà ẹ mú rúlà dání.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ tàbí tí kò fẹ́ rìn jìnnà, odò Mississippi wà ní Coon Rapids Dam, lẹ́bàá Brooklyn Park. Channel catfish wà níbẹ̀, ìbátan àrọ̀ wa ni. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tàbí ègé ẹja ló fẹ́ràn, ó sì ń yára jẹun bí omi bá ti ń lọ sí 60°F. Ṣùgbọ́n omi yìnyín tó yọ́ máa ń mú kí odò yẹn kún kó sì le nígbà ìrúwé. Ẹ tẹ̀lé ohun tí pátákó bá wí nípa ibi tí ènìyàn lè sún mọ́ dáàmù dé, kí ẹ sì di ọmọ mú.

Ìgbésẹ̀ 8: Òtútù inú omi

Afẹ́fẹ́ lè jẹ́ 70°F kí omi jẹ́ 45°F. Ẹni tó bá ṣubú sínú irú omi bẹ́ẹ̀, mímọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kọ́ ló máa kọ́kọ́ gbà á. Láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àyà rẹ̀ á já, á máa mí gúlegúle láìfẹ́, bí orí rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi, omi ni yóò fà sínú. Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní gbọ́ràn mọ́. Life jacket, ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, ló ń gbé orí rẹ̀ sókè títí àyà á fi balẹ̀. Òfin Minnesota sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Èmi ń sọ pé kí bàbá rẹ̀ náà wọ̀ ọ́, kí ó wọ̀ ọ́ láti orí ilẹ̀, kí ó má fi ṣe ìjókòó.

Ìgbésẹ̀ 9: Kí ẹ tó wọ mọ́tò, àti ìgbà tí ẹ bá délé

Ẹja wẹ́wẹ́ tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sínú adágún. Inú ike ìdọ̀tí ni ààyè rẹ̀. Bí ẹ bá lo ọkọ̀, ẹ yọ ìdí rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ jáde tán, ẹ ṣa koríko kúrò lára rẹ̀ àti lára tírélà, òfin ni. Zebra mussel, ẹran omi kékeré kan tó ní ìkarahun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní èbúté Duluth ní 1989, ti tàn ká ọ̀pọ̀ adágún nípasẹ̀ irú omi àti koríko bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ẹja sínú yìnyín nínú kúlà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá máa la walleye sí ègé kí ẹ tó délé, ẹ fi awọ pẹ̀lú ìpẹ́ tó tó ìńṣì kan níbùú lóròó sílẹ̀ lára ègé kọ̀ọ̀kan, kí ọlọ́pàá DNR lè mọ irú ẹja tó jẹ́.

Ní ti ìkòkò, crappie àti sunfish dára fún dídín. Ẹ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún ra á, ẹ dín in odindi bí ẹ ṣe ń dín epìyà. Walleye rọ̀, ó máa ń fọ́ sínú ọbẹ̀ bí ẹ bá rò ó, nítorí náà òun ló yẹ kí ó wọlé gbẹ̀yìn, kí iná sì kéré. Fún ọbẹ̀ ata olómi, bullhead àti channel catfish ni kí ẹ wá. Egungun pike ní ẹ̀ka méjì-méjì, ẹ má sì fún ọmọdé jẹ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Mẹ́kúrì wà nínú ẹja àwọn adágún wọ̀nyí, ó sì máa ń pọ̀ nínú ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja mìíràn. Ohun tí ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ ń sọ fún aláboyún, obìnrin tó lè lóyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ni pé kí wọ́n jẹ crappie, sunfish, perch tàbí bullhead lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n jẹ walleye tí kò tó ìńṣì 20 tàbí pike tí kò tó ìńṣì 30 lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n má sì jẹ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn adágún kan ní ìkìlọ̀ tó le ju èyí lọ, ó sì wà lórí LakeFinder lábẹ́ orúkọ adágún náà. Nítorí náà, walleye ńlá tí ẹ yà ní fọ́tò, ẹ dá a padà. Àwọn kéékèèké ni kí ẹ kó wá sílé.